Ohun Tí Orúnkún Ẹranko Kọ́ Wa Nípa Orúnkún Àwọn Ìyá Wa

 

Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ní ọdún 1982, Eric Radin, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó àgùntàn tó ti dàgbà jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì. Wọ́n ń mú ọ̀wọ́ kìíní rìn lórí kọnkéré, orí ilẹ̀ ọlọ́dà ni wọ́n sì ń sùn. Ọ̀wọ́ kejì ń rìn lórí èérún igi tó rọ̀, wọ́n sì ń jẹko nínú pápá. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó lù wọ́n, kò sẹ́ni tó gé nǹkan kan lára wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ orúnkún wọn wò, eegun tó wà lábẹ́ oríkèé àwọn tó rìn lórí kọnkéré ti yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ohun tó ń fún eegun rírọ̀ tó bo oríkèé náà lágbára sì ti dín kù.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ìlú kọnkéré ni Kútọnu. Ẹ wo àwọn ìyá tó ń ta ọjà ní Dantokpa. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti wà lórí ìdúró, ẹrù ń bẹ lórí wọn, sìmẹ́ńtì ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé orúnkún ń dun àwọn. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà nínú wọn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ Faransé kan, arthrose. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ yóò pè é ní làkúrègbé, yóò sì fi òróró pa á.

Àìsàn náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2019 pé nǹkan bí 528 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní in káàkiri ayé. Orúnkún ló ti ń dà wọ́n láàmú jù, 365 mílíọ̀nù. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jẹ́ obìnrin. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Adéwálé Adébájọ̀ kọ̀wé ní 1991 lórí àwọn aláìsàn tó ní arthrose ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúnkún náà ló sì wọ́pọ̀ jù nínú oríkèé tó ń dùn wọ́n. Ní 2009, Adérónkẹ́ Akínpẹ̀lú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Igbó-Ọrà, wọ́n ń yẹ àwọn tó ti pé ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni orúnkún rẹ̀ ní àìsàn yìí, tó sì ń dùn ún. Igbó-Ọrà kò jìnnà sí wa. Irú àwọn ìyá àti bàbá tó wà níbẹ̀ ló wà ní Pobè, ní Kétu, ní Sakété.

Wọ́n ti máa ń sọ fún wa tipẹ́ pé ọjọ́ orí ló fà á, pé eegun rírọ̀ ló jẹ tán, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò dáadáa. Orí eegun itan àti orí eegun ojúgun ló pàdé nínú orúnkún, eegun rírọ̀ tó ń dán tó sì ń yọ̀ ló sì bo méjèèjì. Eegun rírọ̀ yìí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Kò tún ní iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Bí o bá gún un lábẹ́rẹ́, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń bàjẹ́, níbo ni ìrora tó ń jí ìyá lójú oorun ti ń wá?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìrora ń wá láti inú eegun tó wà lábẹ́ eegun rírọ̀, nítorí pé eegun yẹn ní ẹ̀jẹ̀, ó sì ní iṣan ìmọ̀lára. Ó tún ń wá láti ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí oríkèé ká nínú, èyí tó ń ṣe omi tí oríkèé fi ń yọ̀. Nígbà tí awọ yìí bá gbóná, tó pọ́n, tó wú, tí omi orúnkún sì pọ̀ jù, ohun tí mo ń pè ní ìgbóná-wíwú nìyẹn. Eegun abẹ́ àti ìgbóná-wíwú ni ẹjọ́ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí. A kì bá tí lè mọ èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú wọn bí kò bá sí ẹranko, nítorí pé kí ènìyàn tó dé ilé-ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Kò sí dókítà tó máa ń rí orúnkún ìyá kan ní ọdún mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ẹranko kan wà tí ẹ̀yin ará gúúsù Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ẹ̀ ń sìn ín nínú ilé, ẹ̀ ń fi koríko bọ́ ọ, ẹ sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Cobaye ni Faransé ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà ní ilé-ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Hartley, tí arthrose ń mú fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣe é léṣe. Alison Bendele àti Hulman ṣàlàyé rẹ̀ ní 1988. Nígbà tí ẹranko náà bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni àmì àkọ́kọ́ máa ń yọ, orúnkún méjèèjì ló sì ń mú, ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tó tẹ̀ lé ẹranko yìí láti kékeré rí i pé eegun abẹ́ ti ń yí padà kí eegun rírọ̀ tó la. Àwọn tó yẹ ọ̀bọ wò rí ohun kan náà: eegun abẹ́ nípọn ṣáájú kí eegun rírọ̀ tó bàjẹ́. Nígbà tí Bendele àti Hulman dín oúnjẹ cobaye kù tí ìwọ̀n ara wọn sì fúyẹ́, àìsàn náà kò le tó ti àwọn tó ń jẹ bó ṣe wù wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé eegun rírọ̀ tí gbogbo wa ń kọjú mọ́ lè jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó gbọ́ nípa àìsàn náà. Bí ẹni tó ń tún sìmẹ́ńtì ojú ògiri rẹ́ lọ́dọọdún tí kò sì bẹ ìpìlẹ̀ ilé wò ni a ṣe ń tọ́jú orúnkún láti ọjọ́ yìí wá.

Ajá ni olùkọ́ mìíràn. Ní 1973, Pond àti Nuki gé iṣan kan nínú orúnkún ajá, iṣan tó ń dá eegun ojúgun dúró kó má baà yọ síwájú. Irú iṣan yìí ló máa ń já lẹ́sẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Orúnkún náà kò dúró gbọn-in mọ́, àìsàn sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eegun rírọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Ó kọ́kọ́ nípọn sí i ni, bí ẹni tó ń sapá láti tún ara rẹ̀ ṣe. Kenneth Brandt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sùúrù tẹ̀ lé irú ajá bẹ́ẹ̀ dé oṣù 54. Lẹ́yìn àkókò yẹn ni wọ́n rí i pé eegun rírọ̀ ti jẹ tán níbì kan, tí eegun abẹ́ sì hàn sóde. Mo bọ̀wọ̀ fún irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn ọdún kan, wọn ì bá sọ fún ayé pé ara ń wo ara rẹ̀ sàn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú eegun abẹ́ náà? Ohun alààyè ni eegun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ ẹ́, àwọn kan sì wà tó ń mọ ọ́n. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, kí eegun má baà gbó. Nínú eku tí wọ́n gé iṣan orúnkún rẹ̀, àwọn ajeegun ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eegun abẹ́ ti ń dín kù, ihò wẹ́wẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń mọ eegun dìde, wọ́n sì mọ ọ́n ju bó ti yẹ lọ. Eegun náà wá nípọn, ó le, kò sì mọ bí a ti ń gba ìwúwo mọ́ra. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹranko náà bá gbé, eegun rírọ̀ ló ń gba ìkìmọ́lẹ̀ tí eegun abẹ́ ì bá gbà. Ohun tí Radin ti ń sọ láti ọdún 1972 nìyẹn.

Ní 2013, ẹgbẹ́ Xu Cao ní Yunifásítì Johns Hopkins wá ìdí rẹ̀ rí nínú èkúté. Ohun kan wà tí ara tọ́jú pamọ́ sínú eegun, TGF-β1 ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pe àwọn tó ń mọ eegun wá sí ibi tí eegun ti jẹ. Nígbà tí orúnkún bá ti yẹ̀, tí àwọn ajeegun sì ń jẹ káàkiri, TGF-β1 ń tú jáde lápọ̀jù. Àwọn tó ń mọ eegun sáré wá, wọ́n sì ń mọ ọ́n síbi tí kò yẹ. Nígbà tí wọ́n dí ohun náà lọ́wọ́ nínú eegun abẹ́, ìbàjẹ́ eegun rírọ̀ dín kù. Wọ́n tún ṣe ohun kan tó yà mí lẹ́nu jù lọ. Wọ́n mú kí eegun èkúté máa ṣe TGF-β1 náà fúnra rẹ̀, láìgé iṣan kankan, arthrose sì mú un. A wá mọ̀ pé eegun nìkan lè dá ìjà sílẹ̀.

Ìgbóná-wíwú ńkọ́? Nígbà kan, àwọn oníṣègùn kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí nínú àìsàn yìí. Wọ́n ní òun ló wà nínú irú làkúrègbé tí ara ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá ara jà, kì í ṣe nínú arthrose. Ẹranko ló yí èrò wọn padà. Bí eegun rírọ̀ bá ti ń bó wẹ́wẹ́, àwọn ègé rẹ̀ ń bọ́ sínú omi oríkèé, awọ inú oríkèé sì ń rí wọn gẹ́gẹ́ bí àjèjì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìdọ̀tí mì nínú awọ náà yóò bínú. Wọn yóò máa ṣe ìránṣẹ́ bí IL-1 àti TNF. Ìránṣẹ́ wọ̀nyí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú eegun rírọ̀, wọ́n sì ń mú wọn ṣe ohun tó ń gé eegun rírọ̀ náà wẹ́wẹ́ láti inú. Ọ̀kan lára àwọn agéni wọ̀nyí ni ADAMTS5. Sonya Glasson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2005 pé èkúté tí wọ́n bí láìní ADAMTS5 kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lórúnkún bí wọ́n tilẹ̀ ṣe orúnkún rẹ̀ léṣe.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni ti ẹgbẹ́ Nijmegen ní Netherlands, ní 2004. Ẹ mọ èéhù eegun, àwọn kókó tó máa ń yọ létí oríkèé, tó ń mú kí orúnkún àgbà tóbi tó sì ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Àwọn olùwádìí náà pa àwọn sẹ́ẹ̀lì agbédọ̀tímì inú awọ oríkèé kan run kí wọ́n tó dá àìsàn sílẹ̀ nínú orúnkún èkúté. Èéhù eegun náà kò fi bẹ́ẹ̀ hù. Awọ tó wú ló ń pàṣẹ, eegun ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá pín àìsàn yìí sí méjì, tó ní ti eegun wà lọ́tọ̀, ti ìgbóná-wíwú wà lọ́tọ̀, kò tíì wo inú oríkèé dáadáa.

Ọ̀rá ara náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. A máa ń rò pé ìwọ̀n ara ló ń tẹ orúnkún mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Wọ́n ti fi oríkèé àtọwọ́dá tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n nínú sí orúnkún ènìyàn márùn-ún ní Bàlíìnì, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2010. Bí ènìyàn bá ń rìn lórí ilẹ̀ gbalasa, orúnkún ń gba nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2021, ẹgbẹ́ Farshid Guilak ní St. Louis ṣiṣẹ́ pẹ̀lú èkúté kan tí kò ní ọ̀rá lára rárá. Ìwọ̀n ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣe orúnkún rẹ̀ léṣe bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ àìsàn náà kò mú un. Nígbà tí wọ́n gbin ọ̀rá díẹ̀ padà sí i lára, ó mú un. Kì í ṣe pé ọ̀rá wúwo nìkan. Ọ̀rá ń sọ̀rọ̀, ohun tó ń sọ sì ń dé orúnkún.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó yẹ kí n sọ ohun tí kò dùn fún yín pẹ̀lú. Ní 2004 kan náà, Hayami àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún eku tí wọ́n ti gé iṣan orúnkún rẹ̀ ní alendronate, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn àgbà obìnrin tí eegun wọn ti fúyẹ́. Oògùn náà dá àwọn ajeegun dúró. Eegun rírọ̀ kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, èéhù eegun sì dín kù. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Ní 2006, èsì ìwádìí ńlá kan lórí risedronate, ọmọ ìyá alendronate, jáde. Ó lé ní 2,400 aláìsàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún méjì. Ìrora àwọn tó lo oògùn kò dín ju ti àwọn tó lo èyí tí kò ní nǹkan nínú, oríkèé wọn sì ń bàjẹ́ bákan náà. Ní 2020, ní Ọsirélíà, wọ́n gbìyànjú èyí tó tún lágbára jù, zoledronic acid, lára ènìyàn 223. Kò dá eegun rírọ̀ dúró.

Ti ìgbóná-wíwú náà kò sàn jù. Oògùn tó ń dí IL-1 ti ṣiṣẹ́ nínú ẹranko. Wọ́n gún un sínú orúnkún ènìyàn, èsì sì jáde ní 2009: kò dára ju omi lásán lọ. Wọ́n tún ṣe èyí tó ń dí oríṣi IL-1 méjèèjì pa pọ̀, ní 2019. Awọ oríkèé kò rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó tàn wá láti ibi tí a kò retí. Àwọn oníṣègùn ọkàn ti kó àwọn tó ti ní àìsàn ọkàn, tó lé ní 10,000, jọ, wọ́n sì fún àwọn kan nínú wọn ní canakinumab, tó ń dí IL-1β, fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n padà wo àkọsílẹ̀ wọn ní 2020, àwọn tó gba oògùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún tàbí ìbàdí wọn bíi ti àwọn yòókù.

Kí ló dé tí oògùn ń wo eku sàn tí kò wo ènìyàn? Mo ti ronú lórí ìbéèrè yìí púpọ̀, èmi kò sì gbà pé ẹranko ló tàn wá jẹ. Ẹranko dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ẹ wò ó. Èkúté tí wọ́n ń lò jù, tí Glasson ṣàlàyé ọ̀nà iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní 2007, akọ ni, kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ. Ọ̀dọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ṣe orúnkún rẹ̀ léṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń fún ẹranko ní oògùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, kí àìsàn tó mọ ilé tí yóò wọ̀. Ìyá tó wá sí ilé-ìwòsàn ńkọ́? Obìnrin ni. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ọyún àti ọmọ títọ́ ti kọjá lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gé iṣan kankan fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni ẹrù àti ìdúró fi ṣe iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní oògùn, eegun abẹ́ rẹ̀ ti le, èéhù ti yọ, awọ ti wú tipẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń lo akọ tún dùn mí. Ní 2007 náà ni ẹgbẹ́ kan kọ̀wé pé bí a bá ṣe orúnkún akọ àti abo èkúté léṣe lọ́nà kan náà, ti akọ ló ń le jù. Nítorí náà, ilé-ìwádìí yan akọ, kí àìsàn lè tètè hàn. Ó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n nínú ènìyàn, obìnrin ló ń ṣe jù. A fi ìbéèrè ọmọkùnrin tó fi bọ́ọ̀lù ṣèṣe gba ìdáhùn fún ìyá àgbà tó ń ta aṣọ ní Dantokpa.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ilé. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú oríkèé wà ní ilé-ìwòsàn CNHU Hubert Koutoukou Maga níbí ní Kútọnu. Ní Lomé, Moustafa Mijiyawa fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn oríkèé kó tó di mínísítà ètò ìlera Tógò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà láàárín wa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá kì í lọ síbẹ̀. Ọjà ni wọ́n ti ń ra oògùn. Ẹ rántí Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní Dantokpa, tí ìjọba ya wọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2017. Oògùn ìgbóná-wíwú wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń rà ní irú ọjà bẹ́ẹ̀: diclofenac, àti ìdílé cortisone. Diclofenac ń bẹ́gbò sí inú, ó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ bí a bá ń lò ó láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wa. Cortisone tí a ń gbé mì fún ọ̀pọ̀ oṣù ń jẹ eegun. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àìsàn tó wà nínú eegun ni a ń fi ohun tó ń jẹ eegun wò.

Abẹ́rẹ́ tí dókítà ń gún sínú orúnkún náà gba ìṣọ́ra. Ní 2017, Timothy McAlindon ní Boston fi ènìyàn 140 wò ó. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gba abẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn kan gba triamcinolone, àwọn kan gba omi iyọ̀. Eegun rírọ̀ àwọn tó gba triamcinolone dín kù ju ti àwọn yòókù lọ, ìrora wọn kò sì sàn jù. Èmi kò sọ pé kí ẹ kọ abẹ́rẹ́ ẹyọ kan nígbà tí orúnkún bá wú gidi tí dókítà sì rí i pé ó yẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má sọ ọ́ di àṣà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ohun tí cobaye ti fi hàn wá. Stephen Messier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina wọn àwọn àgbà tó sanra tí orúnkún ń dùn, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2005 pé kílò kan tí ènìyàn bá sọ nù ń gbé kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2024, semaglutide, oògùn tó ń mú ara fọn, dín ìrora orúnkún àwọn tó sanra kù dáadáa ju èyí tí kò ní nǹkan nínú lọ. Oògùn náà wọ́n, èmi kò sì ní kí ẹ máa lé e kiri. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ìdárayá tó ń mú iṣan itan le, ìjókòó díẹ̀ láàárín ọjà, kẹ̀kẹ́ ẹrù dípò orí: àwọn yìí wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹrù tí ìyá yín ń gbé sórí, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé àádọ́ta ọdún. Bí orúnkún ti rí lára eku, eegun ti ń yí padà kí ó tó dùn.

Ẹ̀yin olùwádìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fẹ́ràn kí a máa ṣe ẹranko léṣe. Èrò yẹn tọ̀nà. Láti 1959 ni Russell àti Burch ti là á sílẹ̀ pé kí a pààrọ̀ ẹranko bí ó bá ṣeé ṣe, kí a dín iye wọn kù, kí a sì dín ìyà tó ń jẹ wọ́n kù. Cobaye kò nílò kí a gé e. Àìsàn náà ń mú Hartley fúnra rẹ̀, àwa náà sì mọ bí a ti ń sin cobaye. Kò sí ìdí tí Yunifásítì Abomey-Calavi kò fi lè ṣe ìbéèrè tí ilé-ìwádìí òkè òkun kò ṣe: kí a lo abo, kí a jẹ́ kí wọ́n dàgbà, kí a wo eegun abẹ́ àti awọ oríkèé lára ẹranko kan náà, kì í ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì ṣe àfiwé àwọn tó gbé orí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú àwọn tó gbé orí koríko gbígbẹ. Kí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lẹ́yìn tí àìsàn ti mú wọn, bí ó ṣe ń rí fún àwọn ìyá wa. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko tó wà ní Dakar, tó ti wà láti 1968, lè bá wọn dá sí i, Ìbàdàn náà lè dá sí i, kí CNHU sì fi àwòrán orúnkún àwọn aláìsàn rẹ̀ wé ohun tí wọ́n bá rí. Iṣẹ́ náà kò nílò ilé-ìwádìí olówó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Ó nílò ilé ẹranko tó mọ́, ẹ̀rọ X-ray, ẹni tó mọ bí a ti ń gé eegun fẹ́lẹ́ fún ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá, àti ẹni tí yóò máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún méjì.